Bọ́ọ̀lù Lẹ́sẹ̀, Ìwé Lọ́wọ́: Ìdíje Tó Yẹ Kí Òbí Ọmọbìnrin Mọ̀ Nípa Rẹ̀

  Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la gbé dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àwọn ọkùnrin tí ẹ máa ń wò ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọbìnrin ń gbá ní yunifásítì ni, àti ohun tó lè jẹ́ fún ilé tó bá ní ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa jọ mọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2025, ní Rabat, olú-ìlú Mòrókò, ikọ̀ Super Falcons wọ pápá fún àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà. Kí wọ́n tó lọ sinmi ní ìlàjì àkọ́kọ́, Mòrókò ti gbá góòlù méjì wọlé, òdo ni tiwa. Ẹni tó bá pa tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lásìkò yẹn, a ò bá a wí. Àfi bí wọ́n ṣe padà dé tí Esther Okoronkwo gbá pẹnáritì wọlé, tí Folashade Ijamilusi sọ ọ́ di méjì sí méjì, tí Jennifer Echegini sì gbá ẹ̀kẹta wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì kí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú pé. Bí ife kẹwàá ṣe wọlé nìyẹn.

Nínú àwọn mẹ́ta tó gbá góòlù wọ̀nyẹn, méjì ló ti gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Okoronkwo gbá a fún Yunifásítì Lamar ní ìpínlẹ̀ Texas. Echegini gbá a fún Mississippi State, lẹ́yìn náà ó lọ sí Florida State. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, nígbà tí a kojú South Africa ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, tí gbogbo ènìyàn ti rò pé àfikún àkókò ló kàn, Michelle Alozie ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú kẹrin tí rẹfirí fi kún un. Yunifásítì Yale ni Alozie ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde.

A ò sọ pé Amẹ́ríkà ló bá wa gba ife. Rasheedat Ajibade, balógun ikọ̀ wa, kò gba ọ̀nà yunifásítì Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò mọ bọ́ọ̀lù. Ohun tí à ń sọ ni pé ìdíje kan wà níbẹ̀ tó ń so bọ́ọ̀lù mọ́ ìwé, tí kì í jẹ́ kí ọmọ fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì. Ó yẹ kí òbí mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kó mọ ohun tó dára nínú rẹ̀, kó sì mọ ibi tí ẹ̀gún wà.

Òfin tí kò dárúkọ bọ́ọ̀lù

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1972, Ààrẹ Richard Nixon fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n ń pè ní Title IX. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ 37 péré ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó dúró lé lórí ni pé ètò ẹ̀kọ́ tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Kò sí bọ́ọ̀lù nínú ọ̀rọ̀ 37 yẹn, kò sì sí eré ìdárayá kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wọn, eré ìdárayá wà lára ètò iléèwé. Bí yunifásítì bá ní ikọ̀ fún àwọn ọkùnrin, tó sì ń san owó ẹ̀kọ́ fún wọn, ó di dandan kó wá àyè fún àwọn obìnrin náà.

Ẹ wo ohun tí gbólóhùn kan ṣe. Ní ọdún tí òfin náà jáde, àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe eré ìdárayá ní iléèwé girama jákèjádò Amẹ́ríkà kò tó 300,000. Lónìí wọ́n ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ.

Kí ló wá dé tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló rí àǹfààní tó pọ̀ jù? Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré tí wọ́n sì ń fi ara kọlu ara. Ikọ̀ kan ṣoṣo nínú bọ́ọ̀lù yẹn lè ní ju ọgọ́rin ọkùnrin lọ. Kí ìwọ̀n lè dọ́gba, yunifásítì ní láti wá eré tí yóò gba obìnrin púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ohun èlò rẹ̀ kò sì wọ́n. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ bá a mu rẹ́gí: koríko, bọ́ọ̀lù, bàtà, ó parí.

Ní 1982, NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ṣe ìdíje àkọ́kọ́ fún àwọn obìnrin. Ikọ̀ 12 ló kópa. North Carolina na Central Florida ní àṣekágbá, ìtàn wọn sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Láti 1982 títí di 2024, ìdíje 43 ni wọ́n ti ṣe, North Carolina nìkan sì gba 22 nínú wọn. Láàárín 1986 sí 1994, wọ́n gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án léraléra láìjẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Mia Hamm, tí orúkọ rẹ̀ kárí ayé, wà lára wọn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òun nìkan sì gba ife náà.

Ẹnìkan náà tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin North Carolina, Anson Dorrance, ló tún kọ́ ikọ̀ Amẹ́ríkà tó gba ife àgbáyé àwọn obìnrin àkọ́kọ́ ní 1991 ní Ṣáínà. Àwa náà wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn. Nàìjíríà nìkan ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó kópa, a sì pàdánù eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a gbá. Láti ìgbà náà títí di 2023, kò sí ife àgbáyé obìnrin kankan tí a kò lọ. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa kò ṣaláìdára nígbà náà. Ohun tí Amẹ́ríkà ní tí a kò ní ni àwọn yunifásítì tó ń tọ́ ọmọbìnrin dàgbà nínú eré náà, tó ń bọ́ ọ, tó ń tọ́jú orúnkún rẹ̀ bó bá dá, tó sì ń fún un ní ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ìdíje náà ṣe ń lọ

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọn ọmọ, ohun tí ẹ máa rí nìyí. Oṣù kẹjọ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Àwọn yunifásítì pín sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, bí ẹni pín sí àdúgbò, wọ́n á sì bá ara wọn gbá a títí di ìparí oṣù kẹwàá. Nígbà tó bá di oṣù kọkànlá, ikọ̀ 64 ló máa ń wọ ìdíje ńlá náà. Ọdún 2001 ni iye náà ti di 64. Ikọ̀ tó bá gba ife ẹgbẹ́ tirẹ̀ ti wọlé láìsí àríyànjiyàn, ìgbìmọ̀ kan ló sì ń yan àwọn tó kù.

Láti ibẹ̀, bí o bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ilé ló kù. Ikọ̀ tó bá máa gba ife gbọ́dọ̀ borí lẹ́ẹ̀mẹfà. Àwọn mẹ́rin tó bá ṣẹ́ kù á wá pàdé ní ìlú kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá. College Cup ni wọ́n ń pe ìpàdé yẹn.

Àwọn òfin kan wà tí yóò ya ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù FIFA lẹ́nu. Aago wọn kì í kà lọ sókè, ó máa ń kà bọ̀ wálẹ̀ láti 45 dé òdo ni. Wọ́n sì lè yọ agbábọ́ọ̀lù kan ní ìlàjì kejì, kó lọ mumi, kó tún padà wọlé. Títí di 2022, bí eré bá dọ́gba láàárín ọdún, wọ́n á tún fi àkókò kún un. Nísinsìnyí, wọ́n ti gbà pé kó jẹ́ ọ̀mì.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí iṣẹ́ èdè ni tiwa, a ò sì lè rí ọ̀rọ̀ tó dùn ká fi í sílẹ̀. Gbogbo sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá lórí rédíò Yorùbá ló ń lo "ọ̀mì" fún eré tí ẹnikẹ́ni kò borí. Ìdí ayò ni wọ́n ti mú un. Bí àwọn méjì bá ta ayò tán tí kò sí ẹni tó pa èkejì, ọ̀mì ni wọ́n ta. Ìdí ayò náà la ti rí "ọ̀ta" fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, àti "òpè" fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí bọ́ọ̀lù dé, a ò yá ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ilé la ti mú un jáde. Ẹ bi àwọn ọmọ yín ní alẹ́ yìí bóyá wọ́n mọ̀ pé ibi tí bàbá bàbá wọn ti ń ta ayò lábẹ́ igi ni "ọ̀mì" ti wá.

Onyi ní 2023

Bí ẹ bá fẹ́ ọdún kan ṣoṣo tí ẹ máa fi mọ ohun tí ìdíje yìí lè ṣe, ẹ mú 2023. Florida State gbá eré 23 lọ́dún náà. Wọ́n borí nínú 22, wọ́n sì ta ọ̀mì kan. Ní àṣekágbá ní ìlú Cary ní North Carolina, wọ́n na Stanford ní góòlù márùn-ún sí ẹyọ kan. Stanford kì í ṣe ikọ̀ kékeré o, wọ́n ti gba ife náà ní 2011, 2017 àti 2019.

Ẹni tí wọ́n fún ní Hermann Trophy lọ́dún náà, ìyẹn ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà, ni Jennifer Echegini tiwa. Onyi ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa Igbo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa: ẹ̀bùn ni onyinye. Bí ó bá jẹ́ ilé Yorùbá ni wọ́n bí i sí, ó ṣeé ṣe kó máa jẹ́ Ẹ̀bùn tàbí Ọrẹ.

Kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn àṣekágbá náà tí Juventus ní Ítálì fi gbà á. Nígbà tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Yúróòpù ọdún 2024, ó ti wà ní Paris Saint-Germain. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ló gbá góòlù Rabat wọlé. Ẹ kíyè sí bí ọ̀nà náà ṣe lọ: yunifásítì, ikọ̀ ńlá, orílẹ̀-èdè.

Òun nìkan kọ́. Toni Payne gbá a fún Duke, wọ́n sì dé àṣekágbá ìdíje yìí ní 2015 kí Penn State tó na wọ́n. Àwọn mìíràn wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ tiwa ṣùgbọ́n tí wọ́n gbá a fún ilẹ̀ mìíràn. Simi Awujo gbá a fún Yunifásítì Southern California, Kánádà ló sì wọ ẹ̀wù rẹ̀ lọ sí Òlíḿpíìkì 2024. Ẹni tó bá gbọ́ Simi kò ní béèrè ibi tí orúkọ náà ti wá.

Ìwé kò gbọdọ̀ jáfara

Ìtàn Michelle Alozie ló wù wá jù láti sọ fún òbí tó gbà pé bọ́ọ̀lù ń ba ìwé jẹ́. Yale wà lára àwọn yunifásítì mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Ivy League, òfin wọn sì ni pé wọn kì í fún ẹnikẹ́ni lówó nítorí eré ìdárayá. Bí o bá wọlé síbẹ̀, opolo rẹ ló mú ọ wọlé, bí o sì nílò ìrànwọ́, bí agbára òbí rẹ ṣe mọ ni wọ́n máa wò. Alozie kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Lẹ́yìn náà ló lọ gbá a fún Tennessee. Nígbà tó di agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó ní Houston, ó tún ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìwádìí ní Texas Children's Hospital, níbi tí wọ́n ti ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé. Ẹsẹ̀ kan náà tó gbá bọ́ọ̀lù ti South Africa ló ń gbé e lọ síbi ìwádìí.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa dà bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò náà kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti fi ìwé ṣeré. Ẹni tó bá fẹ́ wọ pápá gbọ́dọ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní kíkún, kó máa ṣe iye kọ́ọ̀sì tí wọ́n là sílẹ̀, kí èsì rẹ̀ má sì wálẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ. Bí èsì bá wálẹ̀, bẹ́ńṣì ló máa jókòó sí, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n gbá tó.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló ń fúnni lówó. NCAA pín sí ìpele mẹ́ta. Ìpele kẹta kì í fúnni ní owó eré ìdárayá rárá. Ìpele kìíní àti ìkejì ló ń fúnni. Fún ọdún púpọ̀, ikọ̀ obìnrin kan ní ìpele kìíní kò lè fúnni ní ju owó ẹ̀kọ́ ènìyàn 14 lọ. Wọ́n sì lè pín 14 náà sí wẹ́wẹ́ fún ènìyàn tó ju 14, tí ẹnì kan á gba ìdajì, tí ẹlòmíì á gba ìdá mẹ́rin. Láti ọdún 2025, lẹ́yìn ẹjọ́ ńlá kan nílé ẹjọ́ wọn, àwọn yunifásítì tó gba àdéhùn tuntun náà lè san owó fún gbogbo ikọ̀, ṣùgbọ́n ikọ̀ náà kò gbọdọ̀ ju ènìyàn 28 lọ. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ọmọ yín rí sikọ́láṣíìpù, ẹ béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ṣé odindi ni àbí àbọ̀? Ṣé oúnjẹ àti ilé gbígbé wà níbẹ̀? Ọdún mélòó ni? Ọ̀pọ̀ nínú owó yìí, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe.

Igi tó máa gún ni lójú

Òkèèrè la ti ń wo igi tó máa gún ni lójú. A kò ní fi oyin nìkan bọ́ yín.

Èyí àkọ́kọ́ ni àwọn ẹlẹ́tàn. Kóòṣì yunifásítì kì í gba owó lọ́wọ́ òbí kó tó mú ọmọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ kóòṣì kan ní Amẹ́ríkà, pé kí ẹ san owó "àyè" kó tó di ọ̀la, ẹ pa fóònù náà. Owó tó tọ́ láti san wà: owó ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì bí yunifásítì bá béèrè fún un, owó fọ́ọ̀mù, owó físà, àti owó ìforúkọsílẹ̀ ní ọ́fíìsì NCAA tó ń yẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ fi san wọ́n lórí ìkànnì wọn, kì í ṣe sínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àkókò. Bí ọmọ bá parí girama, tó wá ń gbá bọ́ọ̀lù kiri fún ọdún púpọ̀ kó tó wọ yunifásítì, wọ́n lè yọ lára ọdún tí wọ́n fún un láti gbá a. Bó bá sì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ikọ̀ tó ń san owó oṣù, ó lè di ìṣòro. Nítorí náà, kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ ọdún 16 fọwọ́ sí ìwé kankan nítorí owó táṣẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún yín láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, láti oṣù keje ọdún 2021, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà ti lè fi orúkọ àti àwòrán wọn gba owó lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn kan sì ti ń fi í tan ọmọ. Ẹ rántí pé físà akẹ́kọ̀ọ́ ní ààlà lórí iṣẹ́ tí ẹni tó ní i lè ṣe. Ohun tí ọmọ onílẹ̀ ń ṣe láìbẹ̀rù lè lé ọmọ yín padà sílé.

Ẹ̀kẹrin ni orúnkún. Àwọn dókítà ti mọ̀ tipẹ́ pé iṣan kan wà nínú orúnkún tó máa ń já lẹ́sẹ̀ àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ju ti àwọn ọkùnrin lọ. Bó bá já, ó lè gbà tó oṣù mẹ́sàn-án tàbí ọdún kan kó tó padà sí pápá. Bí a ṣe ń na ara kí eré tó bẹ̀rẹ̀, bí a ṣe ń kọ́ ọmọ láti fò kó sì balẹ̀ dáadáa, ó máa ń dín ewu náà kù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọmọ yín bóyá ó mọ̀ nípa rẹ̀. Ọjọ́ tí orúnkún bá sì dá, ìwé nìkan ni yóò gbé ọmọ ró. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ ìwé.

Ilé wa ńkọ́?

Ẹ wo àwọn orúkọ tí a ti dá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti dàgbà. Wọ́n rí pápá, wọ́n rí kóòṣì, wọ́n rí òbí tó gbé wọn lọ sí ìdánrawò nínú ọkọ̀. Ọmọ tó wà ní Ìkòròdú tàbí Ìlọrin tàbí Kóńtónù kò rí gbogbo ìyẹn. Síbẹ̀ kì í ṣe pé ọ̀nà náà dí. Deborah Abiodun gbá bọ́ọ̀lù fún Rivers Angels ní Port Harcourt nílé níbí kó tó lọ sí Yunifásítì Pittsburgh ní 2023. Ẹ ó rántí rẹ̀, òun ni wọ́n fún ní káàdì pupa nígbà tí a ta ọ̀mì pẹ̀lú Kánádà ní ife àgbáyé ọdún yẹn. Káàdì pupa yẹn kò dá a dúró. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ó ti wà ní kíláàsì.

Àwọn yunifásítì tiwa náà ní ìdíje. NUGA, eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1966, ọdún mẹ́rìndínlógún kí NCAA tó ronú àti ṣe ti bọ́ọ̀lù obìnrin. A ti ní ìpìlẹ̀ tipẹ́. Ohun tó kù ni kí á so ó mọ́ owó ẹ̀kọ́, kí ọmọbìnrin tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá ní Àkúrẹ́ mọ̀ pé bí òun bá ṣe dáadáa, yunifásítì kan nítòsí máa gbà á, máa san owó rẹ̀, máa sì ní pápá fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ìdíje bá kù sí dẹ̀dẹ̀ nìkan. Àwọn tó ń ṣe òfin ní Amẹ́ríkà kò lò ju ọ̀rọ̀ 37 lọ. Kò yẹ kí tiwa ṣòro kọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ti ń pàdánù kì í ṣe ọ́fíìsì físà, kì í sì í ṣe NCAA. Ẹnu ọ̀nà ilé ni. Ọmọ ọdún méjìlá kan wà, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jọ ń gbá bọ́ọ̀lù láti kékeré. Lọ́jọ́ kan, àgbàlagbà kan nínú ilé á ní, "Ìwọ, o ti ń dàgbà o, fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún wọn." Ẹ̀gbọ́n á lọ sí pápá ní aago mẹ́rin, àbúrò á lọ pọn omi, á fọ abọ́, á gbé àbúrò kékeré pọ̀n. Kò sí ẹni tó lù ú, kò sí ẹni tó bú u. Wọ́n kàn gba ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ọdún méjì tí ẹsẹ̀ kò bá fi kan bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ orí yẹn, ó ṣòro láti bá a padà.

A ò sọ pé kí ọmọbìnrin má ṣiṣẹ́ ilé. Ẹ pín in ni. Bí ọkùnrin bá fọ abọ́ ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, kí obìnrin lọ sí pápá lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n pààrọ̀ ní ọjọ́ mìíràn. Ọwọ́ tí kò fọ abọ́ rí kò ní mọ̀ ọ́n fọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí kò dé pápá kò ní mọ̀ ọ́n gbá.

Ohun tí òbí lè bẹ̀rẹ̀ lónìí

Ẹ fi ohun díẹ̀ wọ̀nyí sọ́kàn, ẹ̀yin tí ọmọ yín ń bẹ lórí pápá.

Ẹ tọ́jú gbogbo èsì iléèwé ọmọ náà láti JSS títí dé WAEC tàbí NECO. Ọ́fíìsì tó ń yẹ akẹ́kọ̀ọ́ wò máa béèrè wọn, ìwé tó bá sì sọnù lè ná yín ní oṣù púpọ̀.

Ẹ fi fóònù ya fídíò eré rẹ̀. Kì í ṣe góòlù nìkan. Kóòṣì fẹ́ rí bó ṣe ń sáré padà sẹ́yìn nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, àti bó ṣe ń wo ọ̀tún àti òsì kó tó gba bọ́ọ̀lù.

Ẹ lọ wò ó níbi tó ti ń gbá a. Ẹ mọ ẹni tó ń kọ́ ọ, ẹ mọ ibi tí wọ́n ń sùn bí wọ́n bá rìnrìn àjò, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, ilé ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́ sí, ẹ kò sì ní bá a wí.

Ẹ jẹ́ kó kàwé. Ẹ sọ fún un pé Michelle Alozie kàwé.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló máa dé Florida State. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn kò ní dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gbá bọ́ọ̀lù títí dé yunifásítì, ibi yòówù kó jẹ́, ti kọ́ bí a ṣe ń pàdánù lọ́jọ́ Sátidé ká sì padà sí ìdánrawò lọ́jọ́ Ajé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣòfò nínú ayé.

Bí ẹ bá ní ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ bá wa kí i. Ẹ ní a ní kó má fi pápá sílẹ̀, kó má sì fi ìwé sílẹ̀.